Ọgbà Ìṣeré fún Ehoro Ilé: Bí A Ti Í Kọ́ Ọ Kí Ohun Ọ̀sìn Má Baà Ṣòfò

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń ra ehoro méjì fún ọmọ wọn kí ó lè fi wọ́n kọ́ bí a ti ń tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí. Ọmọ náà yóò sọ wọ́n lórúkọ, yóò máa já ewé fún wọn ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì máa sáré wá wò wọ́n nígbà tí ó bá dé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àánú wọn yóò ṣe é, nítorí pé inú àpótí ni wọ́n wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Baba rẹ̀ yóò ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, yóò fi nẹ́ẹ̀tì adìẹ yí wọn ká, wọn yóò sì tú ehoro sínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọgbà yóò ṣófo. Ihò kékeré kan ni yóò wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ìwọ̀nba irun funfun díẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹkún ọmọ ni yóò gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà.

Irú àdánù báyìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìwà ehoro, tí ó mọ àwọn tí ń dọdẹ rẹ̀, tí ó sì mọ ohun tí oòrùn àti òjò lè ṣe fún un, yóò lè kọ́ ọgbà tí yóò pẹ́ fún ọdún púpọ̀. Kò sí ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ náà tí gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé kò lè ṣe, bẹ́ẹ̀ ni baba àti ọmọ pẹ̀lú lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe é láàárín ọjọ́ méjì.

ẸRAN TÍ A Ń KỌ́ ỌGBÀ FÚN

Orúkọ kan ni a ń pe ehoro tí ọdẹ ń pa nínú pápá àti ehoro tí a ń sìn nínú ilé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe irú kan náà. Ehoro pápá kì í gbẹ́ ihò. Orí ilẹ̀ ni ó ń sùn sí láàárín koríko, ọmọ rẹ̀ a ti ní irun lára, ojú rẹ̀ a sì ti là, ní ọjọ́ tí a bí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀lé nígbà tí ewu bá dé. Ti ehoro ilé yàtọ̀. Ilẹ̀ Sípéènì àti Pọ́túgà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé ní agbo-agbo. Ìhòòhò ni ọmọ rẹ̀ máa ń wà nígbà tí a bá bí i, ojú rẹ̀ a sì dì. Ihò ni ààbò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ehoro ilé ti ra ẹran tí a dá ilẹ̀ wíwà mọ́, kò sì sí ìbáwí tí yóò mú kí ó fi í sílẹ̀. Ọgbà ni a ó kọ́ bá ìwà rẹ̀ mu.

Ọgbọ́n kíkọ́ irú ọgbà yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 37 kí a tó bí Jésù, àgbàlagbà ará Róòmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Varro kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé ọgbà tí àwọn ọlọ́lá ìgbà náà ń sin ehoro sí. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n mọ odi yí i ká, kí wọ́n rẹ́ ẹ kí ológbò má baà ráyè wọlé, kí odi náà sì ga kí ìkookò má baà fò ó. Ó ní kí ìgbẹ́ wà nínú ọgbà tí ẹran lè sá pamọ́ sí, kí igi tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ sì wà níbẹ̀ nítorí ẹyẹ idì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, síbẹ̀ òfin náà kò yí padà: ọ̀tá a máa ti òkè wá, a máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, a sì máa ti abẹ́ ilẹ̀ wá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àṣá ni ọ̀tá òkè. Ajá, ológbò, ejò àti awọ́nrínwọ́n ni ti ẹ̀gbẹ́. Òkété lè gbẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ wọlé, ìjàlọ a sì máa gba ihò tí ó kéré jù lọ kọjá, wọn a sì pa ọmọ ehoro sínú ìtẹ́. Àwọn àgbà ní ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko wọ̀nyí ń ṣọdẹ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀sán ni ọgbà ìṣeré wà fún. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, inú ilé onípákó tí ó ga kúrò nílẹ̀ ni kí ehoro sùn, kí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́ Ọ SÍ

Ooru ń pa ehoro ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹran yìí kì í làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ gígùn ni ó fi ń tú ooru ara rẹ̀ dànù, èyí kò sì tó nǹkan nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá mú. Bí ooru bá ti ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìnira bẹ̀rẹ̀ fún un nìyẹn. Yóò nà gbalaja sílẹ̀, èémí rẹ̀ yóò máa yára, imú rẹ̀ yóò máa tutù. Bí a kò bá tètè gbé e sínú òjìji, kí a fi omi pa etí rẹ̀, kí a sì fún un ní omi mu, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọgbà tí kò ní òjìji kò yàtọ̀ sí ààrò.

Nítorí náà, abẹ́ igi máńgòrò tàbí igi mìíràn tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán ni ibi tí ó dára jù. Kí igi náà wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ọgbà, nítorí pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ a máa mú ju ti òwúrọ̀ lọ. Kí ẹ̀yìn ọgbà kọjú sí ìlà-oòrùn, nítorí pé ìhà ibẹ̀ ni ìjì òjò ti sábà ń wá, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ pẹ̀lú a sì máa ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn fẹ́. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀ kí omi má baà dúró sí i. Kí ó jìnnà sí ààtàn àti sí ibi tí àwọn ará ilé ń da omi ọṣẹ sí. Kí ó sì súnmọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní ilé ìdáná yóò fi lè gbọ́ bí ajá bá dé ibẹ̀.

ÌWỌ̀N ÀTI ÀWỌN OHUN ÈLÒ

Ehoro méjì nílò ààyè tí wọn yóò fi lè sáré, fò, kí wọ́n sì nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọgbà tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fún wọn. Kí iwájú rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ̀yìn sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀, kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀.

Òpó 7 ni a ó wá: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àárín iwájú àti àárín ẹ̀yìn, àti ọ̀kan tí ilẹ̀kùn yóò dúró tì. Ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ààbọ̀ ni a ó rì nínú òpó kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òpó iwájú yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀, ti ẹ̀yìn yóò sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Igi líle bí ìrókò tàbí ayín ni kí a lò nítorí ikán. Ẹlòmíràn a máa fi iná jó ìdí òpó títí yóò fi dúdú kí ó tó rì í mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀dà tàbí òróró ọkọ̀ kun igi tí eyín ehoro lè dé. Eyín ehoro kì í dẹ́kun dídàgbà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà kò lè ṣe kí ó má gé igi jẹ, oró tí ó wà nínú ọ̀dà yóò sì wọ inú rẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì onírin ni olórí ohun tí a ó rà, òun ni ó sì yẹ kí owó pọ̀ lé lórí. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kò lágbára tó. Ajá lè fi eyín fà á ya, ehoro fúnra rẹ̀ sì lè gé e. Èyí tí a jó okùn irin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn ni ó dára. Kí ihò rẹ̀ má ṣe ju íǹṣì 1 lọ. Níbi tí ejò bá pọ̀, kí ó jẹ́ ààbọ̀ íǹṣì. Bí a bá ra èyí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹsẹ̀ bàtà 32 ni yóò yí ọgbà ká, 20 ni yóò lọ sí abẹ́ ilẹ̀, 10 yóò sì lọ sí òkè. Pẹ̀lú èyí tí a ó fi ṣe ilẹ̀kùn àti èyí tí a ó fi lé ara wọn, kí a ra ẹsẹ̀ bàtà 70.

BÍ IṢẸ́ YÓÒ TI LỌ

Kí a kọ́kọ́ ta okùn sórí ilẹ̀, kí a sì fi èèkàn sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, kí a gbẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní íǹṣì 6, kí a kó erùpẹ̀ náà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé a ó tún lò ó. Kí a wá ri àwọn òpó mọ́ ilẹ̀, kí a fi òkúta há ìdí wọn, kí a sì tẹ erùpẹ̀ mọ́ wọn gírígírí. Pákó ni a ó fi so orí wọn pọ̀ yíká.

Lẹ́yìn èyí ni a ó kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́. Inú ọgbà ni kí a kàn án sí lára òpó, kì í ṣe ìta, kí ehoro má baà máa gé òpó jẹ. Kí ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì náà kan ìsàlẹ̀ kòtò tí a gbẹ́. Kí ìṣó kan má ṣe jìnnà sí èkejì ju íǹṣì 4 lọ. Níwọ̀n ìgbà tí íǹṣì 6 nẹ́ẹ̀tì ti wà nínú ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ ni yóò kù lókè. Ìwọ̀nyí tó fún ẹ̀yìn. Ní iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pákó ni a ó fi dí àlàfo tí ó bá ṣẹ́kù lókè.

Iṣẹ́ tí ó kàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá, òun gan-an ni ó sì ń gba ẹ̀mí ehoro là. Kí a gé nẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10 méjì, kí a tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n lè bo ilẹ̀ náà tán. Kí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán àwọn méjèèjì pọ̀ ní àárín, kí a sì rán wọn mọ́ ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ yíká. Kí a tẹ̀ gbogbo ṣóńṣó wáyà sísàlẹ̀ kí wọ́n má baà gún ẹran lẹ́sẹ̀. Kí a wá da erùpẹ̀ padà sórí rẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nísinsin yìí ehoro lè walẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé íǹṣì 6 ni yóò wà kó tó kan irin. Òkété tí ó bá sì gba ìsàlẹ̀ wá yóò kan irin kan náà.

Ilẹ̀kùn yóò wà níwájú, láàárín òpó àárín àti òpó keje. Kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Kí a kan pákó tí ó ga ní íǹṣì 6 sí ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀, kí ehoro má baà yọ́ jáde nígbà tí ọmọdé bá ṣí i. Ìdábùú méjì ni kí ó ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí méjèèjì sì wà ní ìta. Ajá tí ó gbọ́n lè fi imú ṣí ìdábùú kan.

Ní òkè, kí a fi páànù bo ìdajì ọgbà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko gbígbẹ bo orí páànù náà, nítorí pé páànù lásán a máa gbóná púpọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ni kí a fi bo ìdajì kejì kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí àṣá má sì ráyè. Ní àkókò òjò, kí a fi ẹní tàbí pákó dí ẹ̀yìn ọgbà.

OHUN TÍ YÓÒ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ehoro tí kò bá rí ibi sá sí lè kú nítorí ìpayà nìkan, bí ajá kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ìkòkò amọ̀ ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dára púpọ̀ fún èyí. Kí a dá a dùbúlẹ̀ sábẹ́ páànù, kí a sì bo ìdajì rẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Inú rẹ̀ a máa tutù ní ọ̀sán, a sì máa dàbí ihò lójú ẹran náà. Kí ìkòkò jẹ́ méjì bí ehoro bá jẹ́ méjì, kí èyí tí ó lágbára má baà lé èkejì síta. Àwo omi tí ó wúwo ni kí a lò kí wọ́n má baà dà á nù, kí a sì pààrọ̀ omi náà ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Koríko tí ó wà nínú ọgbà kì yóò pẹ́ tán. Èèsún, yúnyun àti ewé ọ̀dúnkún ni kí a máa gé wá fún wọn, koríko ni kí ó sì pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Kí a jẹ́ kí ìrì gbẹ lára ewé kí a tó fún wọn, nítorí pé ewé tútù tí ó ti gbóná nínú òkìtì a máa wú wọn nínú. Ẹran tí kò jẹ ewé tútù rí kò gbọdọ̀ jẹ àjẹyó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a mú un mọ́ ọn lára fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí a má ṣe fún wọn ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù tàbí ewé píà, nítorí pé oró wà nínú wọn.

ÌMỌ́TÓTÓ ÀTI ÀRÙN

Kí a máa gbá ìgbẹ́ wọn kúrò lójoojúmọ́. Àrùn ìgbẹ́ gbuuru tí ó ń pa ọmọ ehoro a máa ti inú ìgbẹ́ àti ilẹ̀ tí ó tutù wá. Ìgbẹ́ náà kì í ṣe ohun ìdànù, nítorí pé ó dára púpọ̀ fún oko ẹ̀fọ́. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí a kó erùpẹ̀ òkè kúrò, kí a sì da tuntun sí i. Kí a bu eérú yí ọgbà ká ní àkókò tí ìjàlọ ń rìn, kí a sì yọ koríko ìta rẹ̀ kí ejò má baà ráyè sápamọ́.

Àrùn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùsìn ehoro mọ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1984. Ẹ̀yà rẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2010, ó sì dé Nàìjíríà ní ọdún 2020, níbi tí ó ti pa ehoro ní Ìlọrin ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àrùn náà a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ehoro tí ó jẹun ní alẹ́ sì lè kú mọ́jú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní imú. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà ènìyàn, koríko tí a gé àti eṣinṣin lè gbé e láti ilé dé ilé, ó sì lè pẹ́ nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ti ibi tí ehoro ti ń kú bọ̀ má ṣe wọ ọgbà ẹlòmíràn. Kí a ya ehoro tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó dà á pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Èyí tí ó bá kú lójijì, kí a má ṣe jẹ ẹ́, kí a má sì ṣe sọ ọ́ sí ààtàn. Kí a sọ fún dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì sin ín jìn sínú ilẹ̀.

ẸKỌ́ FÚN ỌMỌDÉ

Kí a kọ́ ọmọ pé a kì í fi etí gbé ehoro. Ọwọ́ kan ni ó yẹ kí ó wà lábẹ́ àyà rẹ̀, kí èkejì gbé ìdí rẹ̀ ró. Ehoro tí ó bá jà rìnrìn nínú ọwọ́ lè fi ìpá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣẹ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Akọ méjì tí ó ti dàgbà kò gbọdọ̀ wà nínú ọgbà kan, nítorí pé wọn yóò ṣe ara wọn léṣe. Akọ àti abo tí ó bá sì wà pọ̀ yóò bímọ ní bí ọjọ́ 31, ọgbà ẹni méjì yóò sì di ọgbà ẹni mẹ́wàá kí onílé tó múra.

Kí a máa tú wọn sínú ọgbà ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, àti láti agogo mẹ́rin títí di ìgbà tí ilẹ̀ yóò fẹ́ ṣú. Àwọn àkókò wọ̀nyí ni ara ehoro máa ń yá. Kí ọmọ yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́, kí ó fi ọwọ́ kan òpó àti nẹ́ẹ̀tì, kí ó sì wò ó bóyá ìṣó kan ti tú tàbí ihò kan ti yọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ náà yóò gbà.

Ọmọ tí ó bá ń ṣe èyí láìjẹ́ pé a ń rán an létí ti kọ́ ohun tí ó ju ehoro sísìn lọ. Ó ti mọ̀ pé ohun tí ó ní ẹ̀mí, tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, ẹni tí ó ni í ni yóò máa ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, tí ó bá rìn dé ẹ̀yìnkùlé, yóò bá ehoro rẹ̀ méjèèjì láàyè, tí wọ́n ń dúró de ewé òwúrọ̀.